A Ti Ṣí

Ọkọ mi ni ó dá ilé ìtẹ̀wé wa sílẹ̀ ní Ṣómólú, ní òpópónà kan tí kò jìnnà sí Fọlá Agoro, ní àkókò tí a ṣì ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí nígbà náà. Ní ọ̀sán, n ó kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́; ní ìrọ̀lẹ́, n ó jókòó sí ìdí tábìlì tí ó wà lẹ́bàá fèrèsé, n ó sì ka gbogbo ohun tí ọkọ mi bá fẹ́ tẹ̀: káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú. Bí àmì ohùn kan ṣoṣo bá ṣì, iṣẹ́ náà kò ní jáde. Àwọn oníbàárà a máa kùn pé mo le jù. Ọkọ mi a sì dá wọn lóhùn pé, "Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tí ó bá kà á lẹ́yìn rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan wí." Ìdí nìyí tí àwọn ará àdúgbò fi sọ mí ní Màmá Tíṣà, ohun tí wọ́n sì ń pè mí títí di òní olónìí nìyẹn.

Nígbà tí ọkọ mi papò dà, mo ti ilé ìtẹ̀wé náà pa títí a fi parí gbogbo ètò ìsìnkú. Lẹ́yìn èyí, mo ní kí àwọn káfíńtà tún òrùlé ṣe, nítorí pé òjò ti ń kán sórí bébà. Nígbà tí iṣẹ́ wọn parí, mo gbé pátákó kan kọ́ sí ẹnu géètì. Èmi tìkára mi ni mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́, tàmì-tàmì, bí ó ti yẹ kí ẹni tí ó kàwé kọ ọ́: A TI ṢÍ. Mo kọjá sí òdìkejì ọ̀nà, mo wò ó, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Mo gbà pé àwọn oníbàárà wa yóò rí i, wọn yóò sì padà.

Wọn kò padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀fọ̀ mi. Nígbà tí ó pẹ́, mo ní ọjà ni kò tà. Lẹ́yìn náà ni ilé ìtẹ̀wé tuntun kan ṣí ní apá ọ̀nà Onípánù, pẹ̀lú pátákó oníná tí ń ṣẹ́jú bí ojú ológbò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn káàkiri. Obìnrin kan fi káàdì ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ pè mí. Mo kà á, mo fi bírò ṣe àtúnṣe rẹ̀, mo sì dá a padà fún un. Inú rẹ̀ kò dùn.

Ọmọ mi obìnrin àgbà, ẹni tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Bàrígà, a máa wá wò mí ní ọjọ́ Sátidé. Ní ọjọ́ kan ó dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó fi ìka nu eruku orí rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀rọ yìí ti di ohun ọ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ ká tà á, ká fi iwájú ilé háyà fún àwọn tó ń ta fóònù."

"Ìwé orin àwọn Ẹgbẹ́ Ìyá ń bọ̀," ni mo wí.

Ẹgbẹ́ Ìyá tí mo ń sọ yìí jẹ́ ti ìjọ kan ní Bàrígà, nítòsí ọ̀sà. Àwọn obìnrin tí ń ta ẹja tí wọ́n sì ń wa ọkọ̀ ni ó dá a sílẹ̀, wọ́n sì dá orin tiwọn sílẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn orin náà kò tí ì sí nínú ìwé kankan rí. Ẹnu àwọn ìyá àgbà nìkan ni wọ́n wà, àwọn ìyá náà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ ti pinnu láti tẹ ìwé orin náà ṣáájú ìkórè. N kò rò ó pé wọ́n lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí ibòmíràn.

"Tí ìwé orin yẹn ò bá wá sọ́dọ̀ yín ńkọ́?" ni ọmọ mi bi mí.

"Bí kò bá wá, kí o ta ẹ̀rọ náà."

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni mo kábàámọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu mi jáde kì í padà sílé. Ó wò mí, ó rí i pé n kò ṣe àwàdà.

"Ó dáa. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn tó ń bá yín díje ń ṣe?"

"Èmi kì í yọjú wo ìkòkò ọbẹ̀ aládùúgbò."

"Màmá, wọ́n ti gbé ọbẹ̀ ọ̀hún síta! Gbogbo ayé ló ń wò ó, ẹ̀yin nìkan lẹ dijú."

Ó gba fóònù mi, ó sì fi ohun kan sínú rẹ̀. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni àwọn oníròyìn ń pè é lórí rédíò. Éè-áì ni ọmọ mi pè é. Ó ṣàlàyé pé n ó bi í ní ìbéèrè gẹ́gẹ́ bí mo ti ń bi ènìyàn, yóò sì wá gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ síta nípa ọ̀rọ̀ náà, yóò kó o jọ fún mi. Mo jókòó, mo wọ awò ojú mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ wa láti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà: "Ẹ kú òwúrọ̀ o. Mo lérò pé àlàáfíà ni ìwé yìí yóò bá yín."

Ọmọ mi pariwo. "Màmá! Ẹ̀rọ mà lẹ ń kí yẹn!"

"Èmi ni mo lọ bá a nílé rẹ̀. Ẹni tí ó dé ni ó ń kí ará ilé."

Ẹ̀rọ náà sì dáhùn, ó kí mi dáadáa, ó ju àwọn mìíràn tí mo kọ́ ní ìwé lọ. Èyí fún mi ní ìgboyà. Mo wá kọ ìbéèrè mi sílẹ̀. Ní ìgbà èwe mi, bí ṣọ́ọ̀bù méjì bá ń ta ọjà kan náà ní òpópónà kan náà, orogún ni a ń pè wọ́n. Nítorí náà mo kọ ọ́ pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ta ni àwọn orogún mi ní Ṣómólú, kí ni wọ́n sì ń ṣe tí gbogbo ènìyàn fi ń tẹ̀ lé wọn?"

Èsì náà ni pé: "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Kò rọrùn láti bá obìnrin mìíràn pín ọkọ. Ẹ má ṣe bá orogún yín jà. Ẹ fi sùúrù bá ọkọ yín sọ̀rọ̀, tàbí kí ẹ fi ọ̀rọ̀ náà lọ àgbà kan nínú ẹbí."

Mo dìde kúrò lórí àga. Èmi tí ọkọ mi fi òrùka gbé níyàwó níwájú pẹpẹ, tí kò fẹ́ ẹlòmíràn ṣáájú mi tàbí lẹ́yìn mi! Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Màmá, ó ní kẹ́ ẹ bá Dádì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́!"

"Níbo ni n ó ti rí i?" ni mo wí, èmi náà sì bú sẹ́rìn-ín, ohun tí n kò tí ì ṣe nínú ilé ìtẹ̀wé náà láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ.

Mo padà jókòó, mo sì tọ́ ẹ̀rọ náà sọ́nà bí ẹni ń tọ́ ọmọ kíláàsì kejì. Mo sọ fún un pé orogún tí mo wí kì í ṣe ti inú ilé, pé olùbánidíje nínú iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ní lọ́kàn. Ó tọrọ àforíjì, ó sì dúpẹ́ pé mo kọ́ òun ní nǹkan. Mo fẹ́ràn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà, nígbà tí oorun ọ̀sán bá ń kùn àwọn ará àdúgbò, èmi a jókòó sí ìdí tábìlì mi lẹ́bàá fèrèsé, n ó máa bi í ní ìbéèrè.

Àwọn oníbàárà ilé ìtẹ̀wé ọ̀nà Onípánù ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ síta. Wọ́n yin ọkùnrin tí ó ni í. Wọ́n ní bí o bá pè é, yóò gbé fóònù. Wọ́n ní yóò fi iṣẹ́ rẹ ránṣẹ́ sí ọ lórí Wáàsáàpù kí o wò ó lórí ìjókòó rẹ kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan ní òun gbé iṣẹ́ lọ ní òwúrọ̀, òun sì gbé e relé kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ráhùn, èdè Yorùbá sì ni ó fa ìráhùn náà. Obìnrin kan kọ ọ́ pé nínú ìwé ètò ìsìnkú ìyá òun, òun ní kí wọ́n kọ "Ìyá ọlọ́wọ̀," wọ́n sì tẹ "Ìyá olówó." Ó ní láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹbí tí òun kò mọ̀ rí ti ń wá béèrè bí a ṣe pín ogún.

N kò ní purọ́, ìráhùn náà dùn mọ́ mi. Síbẹ̀, olùkọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í wo ibi tí ọmọ ẹlòmíràn ti kùnà nìkan. Ìyìn wọn ni mo tún kà lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn oníbàárà tèmi ní láti wọ ọkọ̀ wá wo iṣẹ́, kí wọ́n padà sílé, kí wọ́n tún wọ ọkọ̀ wá gbé e. Mo ti ka ìrìn àjò náà sí ètò tí ó yẹ ọmọlúwàbí. Mo wá rí i pé ìyà ni mo fi ń jẹ wọ́n.

Nígbà tí mo ti mọ tirẹ̀ tó báyìí, mo bi ẹ̀rọ náà léèrè nípa tèmi. Mo kọ orúkọ ilé ìtẹ̀wé wa gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀. Mo ń retí kí ó sọ pé a jẹ́ olóòótọ́, kí ó sì fi kún un pé a le jù. Ohun tí ó sọ ni pé: "Ilé ìtẹ̀wé yìí ti kó kúrò ní Ṣómólú. N kò rí àdírẹ́sì rẹ̀ tuntun."

Mo gbé ọwọ́ lé tábìlì. Tábìlì náà wà níbẹ̀. Mo wo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo wo fèrèsé, mo gbọ́ tí ẹni tí ń ta rẹ́kọ́dì ní òdìkejì ọ̀nà ń lu orin rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Mo bi í pé, "Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?" Ó ní àlejò kan ni ó fi ìròyìn náà sí orí àwòrán ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń wá ọ̀nà. Ó ní ó ṣeé ṣe kí àṣìṣe wà níbẹ̀, kí n pe ilé ìtẹ̀wé náà kí n wádìí. Ta ni n bá pè bí kò ṣe ara mi?

Ààrẹ Ẹgbẹ́ Ìyá ni mo pè.

"Háà, Màmá Tíṣà! Ilé tuntun ńkọ́? Ṣé ó tura?"

"Ilé tuntun wo, Ààrẹ?"

"Wọ́n ní ẹ ti kó lọ! Ọmọ mi fi fóònù wá yín, ó ní ẹ ti ṣí kúrò. Inú bí mi díẹ̀ pé ẹ ò dágbére. A ti ń bá ọmọkùnrin kan sọ̀rọ̀ lápá Onípánù nítorí ìwé orin yẹn."

"Ṣé ẹ ti gbé e fún un?"

"Ó ku ká fẹnu kò ní ìpàdé ọjọ́ Sátidé."

"Ẹ má ṣe fẹnu kò láìsí ẹnu tèmi níbẹ̀."

Mo gbé fóònù sílẹ̀, ìbínú sì gùn mí. Ó dá mi lójú pé mo mọ àlejò tí ó fi irọ́ náà sí orí àwòrán ilẹ̀. Ta ni yóò jàǹfààní pé mo ti kó lọ, bí kò ṣe ẹni tí ń gba iṣẹ́ mi? Ọmọ mi ti dábàá rí pé kí a rán ẹnì kan lọ sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà bí ẹni tí ó fẹ́ tẹ káàdì, kí ó lọ fi ojú ṣọ́ ọ. Mo ti kọ̀ fún un nígbà náà, mo sì tún kọ̀ nínú ọkàn mi lọ́jọ́ yìí. Mo wé gèlè mi, mo mú àpamọ́wọ́ mi, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi lọ sí ilé ìtẹ̀wé rẹ̀.

Ibẹ̀ tutù bí ilé ìfowópamọ́. Àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ funfun báláú, kò sì sí òórùn yíǹkì níbẹ̀ rárá. Ọkùnrin náà, ẹni bí ogójì ọdún ó lé, ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀, dìde, ó sì fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ jókòó, Mọ́mì. Káàdì ni àbí kàlẹ́ńdà?"

"N kò wá ra nǹkan. Èmi ni mo ni ilé ìtẹ̀wé tí ó wà nítòsí Fọlá Agoro."

"Màmá Tíṣà! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ ti dé láti ibi tẹ́ ẹ kó lọ?"

"Ibi tí mo kó lọ! Ìwọ ni ó ń sọ fún gbogbo ayé pé mo ti kó lọ?"

"Èmi kẹ̀? Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin mà. Ẹ tiẹ̀ kọ ọ́ sẹ́nu géètì."

Ó mú fóònù rẹ̀, ó wá àwòrán ilẹ̀ náà jáde, ó sì fi àwòrán kan hàn mí. Géètì wa ni. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ọjọ́ Ìsinmi ni ẹni náà yà á, nítorí pé géètì wà ní títì, àgádágodo ńlá sì so dirodiro lẹ́nu rẹ̀. Pátákó mi sì wà lókè rẹ̀ gàdàgbà, ọ̀dà rẹ̀ pupa, kò sí àmì kan tí ó ṣì níbẹ̀.

"A ti ṣí," ni ọkùnrin náà kà. "Ẹ ti ṣí lọ nìyẹn."

"A ti ṣí ilẹ̀kùn! A ti ṣí ilé iṣẹ́!"

"Mọ́mì, pẹ̀lú àgádágodo yẹn? Ta ló máa rí i, tó máa rò pé ilẹ̀kùn lẹ ṣí?"

Nínú èdè wa, ṣí a máa ṣí ilẹ̀kùn. Ṣí kan náà a sì máa kó ẹrù ènìyàn lọ sí ìlú mìíràn. Ohùn wọn kò yàtọ̀, àmì ìsàlẹ̀ wọn kò yàtọ̀. Gbogbo àmì tí wọ́n kọ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí mo sì fi ìyókù ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó dúró tì í nìkan ni ó lè yà á, èmi kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan tì í. Mo fi òun àti àgádágodo nìkan sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ń kọjá lọ kà á bí ó ti rí i. Ẹ̀rọ náà kà á bí ẹni tí ń kọjá lọ ti kà á.

Ọkùnrin náà rí ojú mi, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n kò lè mú un mọ́ra.

"Mọ́mì, ẹ fàmì sí i dáadáa o. Àmì pé, ẹrù ti lọ!"

N kò rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Mo tún àpamọ́wọ́ mi mú.

"Mo wá sọ fún ọ pé n ó wà ní ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá lọ́jọ́ Sátidé. Mo sì ti wádìí rẹ."

"Ẹ wádìí mi? Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ó ní o yára, ó sì ní o máa ń gbé fóònù. Ó tún ní o sọ ìyá ọlọ́wọ̀ kan di ìyá olówó."

Ó gbá orí mú. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán! Àwọn ẹbí yẹn ṣì ń pè mí. Kí ló tún sọ?"

"Ó ní kí n má ṣe bá orogún mi jà."

"Ta wá ni orogún yín?"

"Ìwọ."

Mo fi í sílẹ̀ níbi tí ó ti ń gbọ̀n fún ẹ̀rín, mo jáde. Ìgbà tí mo yí kọ́nà ni èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi yà wá láti ibi iṣẹ́. Ó ya àwòrán géètì ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu, pẹ̀lú èmi láàárín rẹ̀, ó sì bá mi tún ìròyìn orí àwòrán ilẹ̀ ṣe. Èmi fúnra mi ni mo já pátákó náà lulẹ̀. "Ó ku ìwé orin," ni ọmọ mi wí. Kò tún sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ń ta fóònù, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì rántí ohun tí mo ti fi ẹnu mi sọ.

Ààrẹ fi orin kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí èmi àti ọkùnrin náà, kí oníkálukú tẹ̀ ẹ́ wá sí ìpàdé. Ohùn ni ó fi ránṣẹ́, ohùn ìyá tí ó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́, tí ń kọrin, tí ń wúkọ́, tí ń bú ewúrẹ́ kan láàárín rẹ̀. Mo gbọ́ ọ títí mo fi mọ ibi tí ó ti ń mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fi àmì sí i, mo yọ ewúrẹ́ kúrò. Lẹ́yìn náà mo ṣe ohun tí n kò ṣe rí: mo sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá, mo sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù Ààrẹ kí ó kọ́kọ́ wò ó lórí ìjókòó rẹ̀.

Ó pè mí kíákíá. "Ta ló gba fóònù Màmá Tíṣà? Jọ̀ọ́, dá a padà fún wọn!"

"Èmi ni, Ààrẹ."

"Ẹ̀yin náà lẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní kí n wá fojú ara mi rí i?"

"Ojú yín ni ẹ fi rí i yẹn."

Gbọ̀ngàn ìjọ náà kún ní ọjọ́ Sátidé. Afẹ́fẹ́ ń ti orí ọ̀sà wọlé, ó gbé òórùn ẹja yíyan dání. Ọkùnrin náà gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ṣáájú. Kì í ṣe ewé kan lásán ni ó gbé wá. Ó ṣe èèpo ìwé sí i, àwọ̀ rẹ̀ bí omi òwúrọ̀, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan ń lọ lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin ń gbà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ń fi ìka ra á. Mo wò ó, ó rẹwà. Mo wo tèmi, dúdú lórí funfun. Mo jókòó gan-an bí wọ́n ti kọ́ wa láti jókòó.

Ààrẹ ní kí akọ̀wé ka ti ọkùnrin náà sókè. Akọ̀wé dìde, ó sì kà á bí wọ́n ti fàmì sí i: "Ọkọ wa kò ní rì, bí ìgbì ti wù kó pọ̀ tó."

Opó àgbà kan ní ìlà iwájú gbé orí sókè. "Ọkọ wo? Tèmi ti rì tipẹ́!"

"Tèmi ń rì lọ," ni òmíràn wí láti ẹ̀yìn. "Inú ìgò ló ń rì sí!"

Ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Ọkùnrin náà dìde, òógùn bò ó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi, ọkọ̀ ni mo fẹ́ kọ. Éè-áì ló bá mi fàmì sí i, mi ò tún un kà."

Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín. Àgádágodo géètì mi ni mo ń rí. Mo dìde.

"Ẹ má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́," ni mo wí. "Ọ̀rọ̀ ti gbé èmi náà lọ rí." Mo sì ròyìn A TI ṢÍ fún wọn, láti orí ọ̀dà pupa dé orí ìlú tí wọ́n ní mo kó lọ. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, èmi ni wọ́n ń rín báyìí, mo sì gbà wọ́n láyè. Nígbà tí ó rọlẹ̀, mo ní, "Ohun tí ọkùnrin yìí mọ̀ jù mí lọ, mo ti ń kọ́ ọ. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan yóò dé orí fóònù Ààrẹ kí n tó tẹ̀ ẹ́, ìwé náà yóò sì pé ṣáájú ìkórè. Ohun tí èmi mọ̀, n kò tí ì gbàgbé. Ẹ má ṣe fi àánú gbé iṣẹ́ fún mi. Ẹ kọ ọ́ lórin, kí ẹ gbọ́."

Wọ́n kọ ọ́ láti inú ewé tèmi. Ìyá tí ó ni ohùn náà di ojú, ó ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi ọkọ̀, ọkọ̀ ni ó jáde lẹ́nu wọn, ó sì léfòó. Ìyá náà la ojú, ó ní, "Ewúrẹ́ mi nìkan ló kù níbẹ̀," ó sì jókòó.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ forí korí. Nígbà tí Ààrẹ máa sọ̀rọ̀, ó kọjú sí mi.

"Màmá Tíṣà, inú ìwé di tiyín. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ èèpo rẹ̀, irú ti ọmọ yìí la fẹ́. Àwọn ọmọ wa ò ní ra ìwé tó ṣókùnkùn."

Ẹ̀rọ mi kò lè tẹ irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo Ṣómólú ni ó sì mọ̀. Mo gbé ìgbéraga mì bí oògùn kíkorò. "Ẹ ó rí i gbà," ni mo wí.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé mo tún gba ọ̀nà Onípánù lọ, pẹ̀lú àpamọ́wọ́ mi àti àkọlé ìwé náà, tí mo ti fàmì sí tí mo sì ti tún kà. Ọkùnrin náà rí mi láti ẹnu ọ̀nà.

"Mọ́mì! Ẹ gbéṣẹ́ wá bá orogún?"

"Èmi ni ìyálé," ni mo dá a lóhùn. "Ìyálé ló ń pín iṣẹ́ ilé. Má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ fọwọ́ kan àmì kankan níbẹ̀."

Ẹ̀rọ tiwa ń ṣiṣẹ́ báyìí, ariwo rẹ̀ gba inú ilé. Ọmọ mi wá bá mi ní ẹnu géètì níbi tí mo ti gun àpótí, tí mo ń kọ pátákó tuntun. Mo ti rò ó, mo ti bi ẹ̀rọ inú fóònù pẹ̀lú, èmi àti òun sì ti jiyàn lé e lórí. Ẹ WỌLÉ ni mo kọ.

Ọmọ mi gbé ojú sókè wò ó. "Màmá, tí òjò bá fọ àmì yẹn dànù ńkọ́? 'Ẹ wólé' ló máa dà. Ìjọba á gbé katakata wá."

"Bí òjò bá fọ̀ ọ́, n ó tún un kùn," ni mo wí. "Na agolo ọ̀dà yẹn sí mi."